Géèmù Tó Ń Bi Ìyá Ìdùnnú Pé Ta Ni

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ fún ara yín láyè. Ẹni tó na ẹsẹ̀ kó ká a kò, kí ará ẹ̀yìn náà lè jókòó. Ọ̀rọ̀ Nimotallahi aránṣọ, Ìyá Ìdùnnú ti Agbowó, ló dé tán yìí, ó sì lórin nínú.

Ní nǹkan bí ọdún 1996, kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ nílé ẹni, ṣùgbọ́n ọ̀kan dé sí yàrá iwájú ilé Nimotallahi. Gbádérọ̀ tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ṣàngó ló gbé e wá. Géèmù eré mọ́tò wà nínú rẹ̀, Nimotallahi sì fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wá ṣe é lọ́dọ̀ òun. Gbádérọ̀ ní kó kọ́kọ́ lò ó wò. Bó bá lè ṣí géèmù náà dọjọ́ Sátidé, kó rà á. Bí kò bá lè ṣí i, òun á wá gbé e fún ọkùnrin kan tó ń retí rẹ̀ ní àdúgbò Challenge.

Ní ṣọ́ọ̀bù Gbádérọ̀, wàrà ni géèmù ń ṣí. Ojú kọ̀ǹpútà á béèrè orúkọ awakọ̀, Gbádérọ̀ á tẹ tirẹ̀, mọ́tò pupa á sì bú jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nimotallahi tẹ orúkọ tirẹ̀, ojú ẹ̀rọ ṣú dẹ̀dẹ̀, bí ìgbà tí NEPA bá múná lọ. Iná sì wà o, fáànù ń yí.

Ó nu ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí díìsì ń gbà wọlé. Ó pa á, ó tún un tàn, ó yá sitẹbiláísà Olúbùsọ́lá, olùkọ́ tí wọ́n jọ ń gbélé. Olúbùsọ́lá náà jókòó, ó tẹ orúkọ tirẹ̀, òkùnkùn tún ṣú. Ó gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kó dá a padà kí ìtìjú tó dé. Nimotallahi ní òun ò gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Gbádérọ̀. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, mọ́tò pupa bú jáde. Ló bá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìdùnnú, ẹ̀rọ mọ olówó rẹ̀. Ẹ padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ yín."

Ó kìlọ̀ pé òun á mú mọ́tò wá lọ́la láti fi gbé e. Nimotallahi wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹnjiníà," ló wí, nítorí orúkọ tí Gbádérọ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun nìyẹn, "ẹ máa bọ̀. Ọwọ́ òfìfo lẹ máa gbé lọ."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ ẹ̀wà, ó gbé mọ́ínmọ́ín kaná, ó sì pe gbogbo ọmọ àdúgbò. Olúbùsọ́lá bi í léèrè ohun tó ń sè é fún, nígbà tí géèmù kò tíì ṣí. Ó dáhùn pé bí kò bá ṣí, àwọn á jẹ mọ́ínmọ́ín lójú ẹ̀rọ náà, kó máa wò.

Ó jókòó. Ẹ̀rọ tún béèrè orúkọ rẹ̀. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rántí ìyá ìyá rẹ̀, tí kì í ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Bó bá ní Nimotallahi ni, màmá á ní òun ò mọ̀ ọ́n, àfi kó fi oríkì rẹ̀ dáhùn. Nimotallahi bá ń kọrin, àwọn ọmọ ń gbè é:

*Ta ní ń kanlẹ̀kùn? Kókó, kókó.*
*Àwẹ̀ró ni. Kókó, kókó.*
*Àwẹ̀ró ta? Àwẹ̀ró mi.*
*Ṣílẹ̀kùn, ọmọ onílé dé.*

Ó sọ fún ẹ̀rọ náà pé bí kò bá mọ Nimotallahi, ó máa mọ Àwẹ̀ró lónìí. Ó tẹ AWERO. Mọ́tò pupa bú jáde.

Ilé gba ariwo. Ìdùnnú ọmọ rẹ̀ tẹ orúkọ tirẹ̀, ó ṣí. Olúbùsọ́lá tẹ gbogbo orúkọ rẹ̀, ó kọ̀. Ó tẹ Bùsọ́lá, ó gbà. Ibẹ̀ ni Olúbùsọ́lá ti ka lẹ́tà. Àṣé ọ̀fun ẹ̀rọ ló tóóró: orúkọ tó bá ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ń há a lọ́rùn.

Gbádérọ̀ dé pẹ̀lú mọ́tò. Nimotallahi fa àga fún un.

"Ẹ tẹ orúkọ yín, Ẹnjiníà. Kí ẹ má yọ oyè kúrò o, bí a ṣe ń pè yín gan-an ni."

Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ oyè mọ́ orúkọ. Ojú ẹ̀rọ ṣú dẹ̀dẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún ṣú. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ Ẹnjiníà," ni Nimotallahi wí. "Ẹ bọ́ oyè sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé."

Ẹ̀rín pa Gbádérọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbà, kọ̀ǹpútà ti di ti Ìyá Ìdùnnú. Wọ́n bu mọ́ínmọ́ín fún un, ó jẹ, ó tún bù sí i. Àwọn ọmọ wa mọ́tò pupa títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n, wọ́n jẹun yó, oníkálukú sì ń kọrin Àwẹ̀ró relé. Gbádérọ̀ wa mọ́tò òfìfo rẹ̀ padà sí Ṣàngó, ikùn rẹ̀ kún, òun náà sì ń súfèé orin náà: kókó, kókó.