Ara Le, A Dúpẹ́

"Ta ló fẹ́ mu oògùn náà gan-an?"

Ọ̀gá dókítà kò gbójú kúrò lára fáìlì tó fi bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà tó dúró níwájú rẹ̀ káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lábẹ́ ọ̀gá, tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Dókítà Kékeré, yíjú padà. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni káfíńtà yìí. Ọwọ́ rẹ̀ le bí igi tó ń gbẹ́, àmọ́ ṣe ló máa ń di òwú tó bá di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Màmá mi ni, sà," ni ọkùnrin náà fèsì. "Látìgbà tí ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ sí egungun ìbàdí wọn, wọn ò sùn. Ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi eyín dì mú."

"Mo bi wọ́n láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ara le, wọ́n dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n, èsì kan náà ni." Ọ̀gá pa fáìlì dé. "Mọfíìnì tó ń pa ìrora kì í ṣe súìtì. Mo ti rí ẹni tó gbà á lórúkọ ìyá ẹ̀, tó wá ń mu ún yó. Mi ò ní fi kálámù mi pa ọmọ ọlọ́mọ."

Káfíńtà wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ojú yẹn kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọbìnrin náà gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ni Dókítà Kékeré yóò sọ? Tó bá ní kí wọ́n kọ ọ́, wọ́n á ní ìfẹ́ ló ń kọ oògùn. Tó bá dákẹ́, olólùfẹ́ rẹ̀ á di ẹni tó ń fi oògùn yó lójú gbogbo ilé ìwòsàn, ìyá á sì máa joró lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wo màmá, sà. Tí mo bá rí nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí."

"A mọ̀," ni ọ̀gá wí. "Àga yàrá ìsinmi wa kò bàjẹ́, ojoojúmọ́ ni káfíńtà rẹ ń wá tún un ṣe."

Aránṣọ ni ìyá náà. Ó jókòó gbagidi lórí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ dì mọ́lẹ̀, kò sí fọ́nrán kan tó yà sọ́tọ̀. Dókítà Kékeré kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi."

"Ṣé ara le, mà?"

"Ara le, a dúpẹ́. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kò sí èyí tó kọsẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé e. Ta ni ọmọlúàbí tí wọ́n kí, tí yóò ní ara òun kò le? Ìrora ni àwọn dókítà ń bèèrè láti ọjọ́ yìí wá. Ìkíni ni ìyá ń dáhùn.

Ó dìde, ó fa àga, ó jókòó.

"Màmá, ìkíni ti parí. Dókítà ló ń bi yín báyìí. Ẹ bá mi wúkọ́."

Ìyá wò ó bíi pé ó bú òun. Ó gbìyànjú. Ikọ́ náà kò tíì jáde tán tó fi gé e, ó fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́wọ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń ta yín, àbí ó ń jó yín?"

Ìyá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Ó ń gún mi," ló wí wẹ́lẹ́. "Bí abẹ́rẹ́ tó kán sínú egungun. Tí mo bá mí kanlẹ̀, á tún gún mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ìwọ tó o fẹ́ di ìyàwó ọmọ mi? Kí o lè máa rò ó pé arúgbó tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ẹ lọ́rùn ti ń ké kó o tó dé?"

Dókítà Kékeré dìde, ó lọ pe ọ̀gá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ kú nítorí àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá wá fúnra rẹ̀. Ó yẹ ojú abẹ náà wò, ó fetí sí èémí, ó bi ìyá léèrè ọtí, ó bi í léèrè oògùn oorun, kó tó kọ ìwọ̀nba mọfíìnì, lójú nọ́ọ̀sì. Mọfíìnì lè dín èémí kù, torí náà kí wọ́n máa kà á. Bí ìrora bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọn yóò máa dín in kù. Èyí tí wọ́n bá gbé relé, kí wọ́n tì í pa; ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, kó padà sílé oògùn.

"Má bínú, ọ̀dọ́mọkùnrin," ló wí fún káfíńtà. "Tí mi ò bá bèèrè, iṣẹ́ mi ò pé."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, sà. Ìyá mi lẹ ń ṣọ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ti wúkọ́ dáadáa. Ó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, Dókítà Kékeré sì dì í mú. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń wò wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin tó dì yín mú yìí, ṣé ìyàwó ọmọ yín ni?"

Ìyá na ọrùn rẹ̀ gbọọrọ.

"Dókítà mi ni," ló wí.

Dókítà Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó ń tún báńdéèjì tí kò tú ṣe, kí wọ́n má baà rí ojú òun. Ìyàwó ló ti ń retí kí ẹnu yẹn pe òun láti ọjọ́ pípẹ́. Kò mọ̀ pé orúkọ kan ṣì wà tó dùn jù ú lọ.

Láìpẹ́, oorun gbé ìyá lọ. Káfíńtà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń retí kí olólùfẹ́ òun gbójú sókè. Ọmọbìnrin náà kò tíì lè wò ó. Èémí ìyá ló ń kà.