Kọ́kọ́rọ́ Tí Dorothée Fi Orúkọ Ewúrẹ́ Rọ

"Èmi ni mo ya òmùgọ̀, kamaráàdì," ni Dorothée wí, kó tó jókòó pàápàá. "Ẹ tú Évariste sílẹ̀. Òun kọ́ ló tú àṣírí rédíò yín. Ewúrẹ́ mi ni."

Cyprien, ọ̀gá ìgbìmọ̀ ìyípadà ní Ìdáàṣà, gbé bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà náà, kamaráàdì ni gbogbo ènìyàn, àtọ̀gá àtẹni tó ń gbálẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti mu ọtí sódábì láàárọ̀ yìí ni?"

"Ì bá sàn ká ní mo mu ún."

Dorothée fẹ́ rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in, tí gbogbo ikùn rẹ̀ á máa mì, ṣùgbọ́n ó kàn fa àga, ó jókòó.

Dorothée ló ń ṣe kọ́kọ́rọ́ fún rédíò ìgbìmọ̀. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ onírin o. Lẹ́tà ni, tí Évariste fi ń da ọ̀rọ̀ rú kó tó sọ ọ́ sórí rédíò, kí etí tí kò yẹ má baà gbọ́ ọ yé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà ní Kèrè ní ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi ń tú u. Àfọ́kù igbá wẹ́wẹ́ wà nínú kèrègbè kan, lẹ́tà kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Dorothée ni kó dijú, kó mú ọ̀kan, kó kọ ọ́, kó dá a padà, kó mi kèrègbè, kó tún mú òmíràn, títí ojú ìwé á fi kún. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Ìbàdí ń dùn mí," ló wí. "Ìdí mi kì í ṣe ti ọmọge mọ́, àga pákó yín ti fẹ́ bó o. Mo ní, ta ló máa mọ̀? Ni mo bá to orúkọ àwọn ewúrẹ́ mi tẹ̀lé ara wọn."

"Orúkọ wo?"

Dorothée wolẹ̀. "Kílókànọ́. Máwolémi. Wọnòsùn."

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà húkọ́, ó kọjú sí ìta.

Ta ni kò mọ orúkọ wọ̀nyẹn nísàlẹ̀ òkè? Odette aládùúgbò rẹ̀ ni Dorothée fi wọ́n bú. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, á dúró lẹ́yìnkùlé, á máa fi gbogbo ohùn pè wọ́n wálé, kí Odette gbọ́ èébú tirẹ̀ láìrí ẹni bá jà. Ọmọ Odette sì ń ta esáǹsì, epo mọ́tò, ní fàyàwọ́; ó ní rédíò, ó sì mọ iṣẹ́ tí Dorothée ń ṣe. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ lọ ba de àwọn onífàyàwọ́ lójú ọ̀nà Kèrè, eruku ni wọ́n bá. Wọ́n ní Évariste ló ta ọ̀rọ̀, wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Dorothée ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n á tú u sílẹ̀ fúnra wọn.

Cyprien fa ìwé kọ́kọ́rọ́ náà yọ nínú àpótí. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ ojú Faransé ló fi wò ó. Báyìí ó rọra ń kà á: "K, I, L, O, K, A, N, O..." Ó ká ìwé náà.

"Ta ló gbọ́ ọ, tó wá fi tú ọ̀rọ̀ wa?"

"Gbogbo ẹni tó létí, kamaráàdì." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Màmá, mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa ní Kútọnu pé a ti mú ọ̀dàlẹ̀. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ta ni kí n gbé sínú rẹ̀?"

Dorothée tún ìró rẹ̀ ró, ó so ó le.

"Èmi ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹ ṣáà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn á fọ́ ìdí tó kù yìí."

Cyprien kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí sí ọlọ́pàá, ìyẹn sì lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Évariste jáde, ó ń fọwọ́ ti ògiri. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa. Dorothée ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu látilé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i, ó kàn ti àga sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà kò jókòó.

"Ìyá," ló wí jẹ́jẹ́, "ilé yín ò jìnnà síbí. Gbogbo bí mo ṣe ń ké yẹn, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"