Ìkòkò Ìyá Ìjọ

Díẹ̀ ló kù kí Tóyọ̀sí ju ọmọ sílẹ̀. Ọmọ ọjọ́ méje o! Ìwé ìtàn tí Lateefah ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá a ló ń kà bó ti ń fọ́mọ lọ́yàn. Ọmọ Ìdànrè ló kọ ọ́, nípa ìgbà tí òyìnbó ń jọba lé wa lórí, tí wọ́n ń fọ́ ojúbọ kiri. Ó wá kan ìkòkò omi òrìṣà kan: ejò olórí méjì lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn.

Àyà rẹ̀ já. Láti kékeré ló ti ń nu ìkòkò omi àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Áládé Ìdànrè. Aṣọ funfun kì í kúrò lọ́rùn ìkòkò náà, àmọ́ ọwọ́ Tóyọ̀sí mọ orí méjì tó yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ yẹn. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n sì máa fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ lọ́la!

Ó pọn ọmọ, ó ki ìwé bọ abíyá, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tiẹ̀ rántí bọ́ bàtà. Ó tú aṣọ ọrùn ìkòkò.

Yéè! Ejò ni!

Ìyá rẹ̀, Ìyá Ìjọ fúnra wọn, jáde láti ẹ̀yìn pẹpẹ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Mọ́mì! Ìkòkò òrìṣà lẹ fi ń fún wa lómi mu?”

Ṣé ẹ rò pé wọ́n sẹ́? Rárá o.

“Màmá mi, tó ń tọ́jú ojúbọ nígbà yẹn, ló gbé e wá. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá òyìnbó ń bọ̀ wá fọ́ ọ, màmá mi wé aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ní àwọn fi ta ìjọ lọ́rẹ. Wòlíì ìgbà náà súre sí i. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún.”

“Ẹ ò ní fi kan ọmọ mi!”

“Òun náà la fi sọ ìwọ lórúkọ.”

Ẹ gbà mí! Tóyọ̀sí jókòó sílẹ̀ gbì, ìwé jábọ́ lábíyá rẹ̀. “Inú rẹ̀ ni mo ti kà nípa ìkòkò yìí.”

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìjọ rí ìwé. “Ìyẹn, ṣé orin tí wọ́n ń kọ tí wọ́n bá ń pọn omi sí i wà níbẹ̀?” Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Màmá mi ò kọ́ mi. Wọ́n ní n ó lọ kọ ọ́ létí ìjọ. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń pọn omi sí i láìmọ ohun tí n ó sọ fún un.”

Omi ń dà lójú wọn. Tóyọ̀sí ò rí i kí wọ́n sunkún rí, kódà níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Inú bí i, àánú ṣe é. Ó ṣí ìwé. Orin náà wà níbẹ̀, ìlà márùn-ún péré. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ títí ìyá rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, tí Wòlíì ní kí wọ́n gbé omi wá, Tóyọ̀sí fúnra rẹ̀ ló na ọmọ sí i. Ìyá Ìjọ ń bu omi, ètè wọn ń mì. Gbogbo ìjọ rò pé Sáàmù ni wọ́n ń kà.