Àmúwá Ta Ni?

"Ó ti tọ̀?"

Philomena mi orí pé rárá. Ó gbé póò ọmọ rẹ̀ sókè kí Rekiat lè fojú ara rẹ̀ rí i: inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Láti àárọ̀ àná ni Onyeka, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò ti tọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ń mí gúlegúle lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lẹ́bàá fèrèsé ní ilé ìwòsàn Dókítà Diepreye l'Ájégúnlẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Rekiat ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó mọ ibà, ó mọ ìgbẹ́ gbuuru, ó mọ èéyi. Kò mọ èyí. Ọmọ kẹrin nìyí láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ibà lásán ló ń gbé wọn wá; bí ibà náà bá ti ń lọ, ìtọ̀ á gbẹ, ojú á wú, ọmọ á kú. Òjò oṣù kẹfà ọdún 1989 ń rọ̀ láìdá, omi kánáà ti ya wọ ojúlé, gbogbo èèyàn sì ti gbà pé omi ìdọ̀tí náà ló ń pa wọ́n.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fún un ní oògùn ibà yẹn," Philomena ní. Yorùbá rẹ̀ já geere. Asaba ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. "Ara rẹ̀ ṣì ń gbóná."

Rekiat ṣí ìgò, ó rọra wọn ṣíbí kan. Oògùn pupa náà dùn bíi súìtì. Òun nìkan ṣoṣo ni oògùn tí Onyeka kì í sunkún mu. Ọmọ náà la ẹnu fún un, ó gbé e mì, ó sì pọ́n ètè rẹ̀ lá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kú.

Ilé kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì ń gbé, yàrá wọn dojú kọra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rekiat ló gbé òkú ọmọ náà sọ́wọ́ títí Azubuike bàbá rẹ̀ fi dé láti wáàfù níbi tó ti ń ru ẹrù. Òun náà ló jókòó ti Philomena lórí ẹní nígbà tí àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Onílé wá. Ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Dickson, pásítọ̀ ìjọ Philomena, wọlé pẹ̀lú kóòtù aláwọ̀ eérú, ó ní kí wọ́n pa rédíò, ó wá tẹjú mọ́ ikùn ìyá ọlọ́mọ, oyún oṣù mẹ́fà.

"Ọlọ́run wa kì í ṣe òǹrorò," ó ní. "Kì í dédé nani lẹ́gba. Sístà, wá inú ara rẹ wò. Kí lo ṣe?"

Philomena wá inú ara rẹ̀. Ó rántí pé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, òun kọ̀, òun kò lọ síbi ìsìnkú ìyá òun, nítorí ìjà tó wà láàárín àwọn lórí ọkọ tí òun fẹ́. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Pásítọ̀ mi orí bí ẹni tó rí abẹ́rẹ́ tó ti ń wá. Ó yan ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún un, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, títí ilẹ̀ á fi ṣú lójoojúmọ́, kí èyí tó wà nínú má baà bá èyí tó lọ lọ.

Rekiat dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Pásítọ̀, ẹ wo ipò tí obìnrin yìí wà."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ara lẹ̀yin ń wò," ọkùnrin náà dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkàn làwa ń wò."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Dókítà Diepreye pe Rekiat wọ ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ ti yẹ oògùn pupa náà wò. Omi dídùn kan wà tí wọ́n fi ń po irú oògùn bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kó má baà gbóná jù. Ojú wọn jọra, wọ́n sì jọ dùn, ṣùgbọ́n èkejì yìí, kíndìnrín ló ń jẹ.

Rekiat wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Ó gbé e lé itan, ó wá ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Páálí méjì ṣì wà ní sítọ́ọ̀," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká lọ dà á nù."

"Mo ti dá a padà fún ẹni tó tà á fún wa. Ó ti bá mi fi oògùn mìíràn pààrọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé ó ń pa ọmọ?"

Dókítà ń to bírò orí tábìlì rẹ̀. "Mo ní kò tà. Nọ́ọ̀sì, bí ariwo bá jáde, wọ́n á ti ibí yìí pa. Ta ni yóò wá máa tọ́jú àwọn mẹ̀kúnnù? A ò mọ̀. Ọlọ́run rí ọkàn wa."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Rekiat ro gbogbo rẹ̀ fún Hameed ọkọ rẹ̀. Hameed ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí Olóyè Ọdẹ́yẹmí, oníṣòwò kẹ́míkà kan l'Ápápá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pa ìrun jẹ, kì í gbóhùn sókè. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé òkèlè padà sínú abọ́.

"Iléeṣẹ́ wo ló ṣe oògùn náà?"

Rekiat dárúkọ rẹ̀. Hameed dìde, ó lọ fọwọ́, kò sì padà sídìí oúnjẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ra àgbò. Ààfáà wá ṣe àdúà, wọ́n sì bu ẹran kárí ilé. Rekiat ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nídìí agbada, ó ń fọwọ́ ya ẹran, ọ̀rá ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ń sọ pé kí wọ́n bu èyí tó lọ́ràá jù fún Màmá Onyeka.

"Baálé mi, sàráà kí ni?"

"Láti fi lé ibi jìnnà."

"Ibi wo?"

Hameed wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá a wọ yàrá. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ojúlówó omi tí iléeṣẹ́ oògùn náà ń rà lọ́dọ̀ wọn ti gbówó lórí láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀. Olóyè ní kó kó dúrọ́ọ̀mù mẹ́jọ síta lára ti ẹ́ńjìnnì, kó ha bébà ara wọn kúrò, kó lẹ tuntun mọ́ wọn. Ọkùnrin tó ń rajà fún iléeṣẹ́ oògùn náà mọ̀ sí i. Wọ́n ti fún un ní tirẹ̀. Ti Hameed ni fíríìjì tó dúró nígun yàrá yẹn. Ibẹ̀ ni Onyeka ti máa ń wá gba omi tútù.

"Ẹ mọ̀ pé oògùn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀ pé ó lè pààyàn!" Ó nu ọwọ́ ọlọ́ràá náà mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Rekiat, fara balẹ̀. Ta ló ni ẹ̀mí? Bí ọjọ́ ọmọ ò bá tíì pé, kó mu odindi dúrọ́ọ̀mù, kò lè kú. Mélòó nínú àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ló mu ún tí nǹkan kan ò ṣe? Ohun tí Ọlọ́run ti kọ, bébà tèmi ò lè yí i padà."

Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti fẹ́ra. Rekiat kò fi "ìwọ" pe ọkọ rẹ̀ rí, kì báà ṣe nínú ìjà. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tó ti jẹrà.

"Ìwọ lo lẹ bébà náà. Ọlọ́run ò di gọ́ọ̀mù mú. Ìwọ lo dì í mú."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni? Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Òórùn ẹran àgbò ti kún yàrá. Ó ń jáde lára aṣọ ọkọ rẹ̀, ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń pe Ọlọ́run. Èébì gbé Rekiat. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bì í síta lẹ́bàá gọ́tà, títí kò fi sí nǹkan mọ́ nínú rẹ̀ àfi omi kíkan.

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Philomena. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn balùwẹ̀, ètè rẹ̀ ti sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Abọ́ ẹran sàráà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, eṣinṣin sì ti bò ó.

"Wọ́n gbé e wá fún mi, mi ò sì lè jẹ," ó ní. "Ó ku ọjọ́ méje. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èyí tó wà nínú yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yí mọ́. Ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run á dárí jì mí báyìí?"

Rekiat dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ bí gbogbo wọn ti ń ṣe, obìnrin yìí yóò fi ààwẹ̀ pa ọmọ kejì, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá l'Ápápá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ńtì tútù.

"Màmá Onyeka, Ọlọ́run ò bínú sí ọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: oògùn, dúrọ́ọ̀mù, bébà, ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀. Kò sunkún, torí ó kà á sí ìwà àìnítìjú láti sunkún níwájú ẹni tó ṣẹ̀.

Philomena kò pariwo. "Ṣíbí mélòó?" ó béèrè.

"Mẹ́ta lóòjọ́. Ọjọ́ márùn-ún."

"Èmi ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tún fún un." Ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ọlọ́run wá ń wò wá nígbà yẹn? Ó kàn ń wò wá, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù?"

Rekiat mọ ohun tí Ààfáà yóò sọ, ó mọ ohun tí pásítọ̀ yóò sọ, ó sì ti sọ irú rẹ̀ fún àìmọye ìyá rí. Lónìí, ó ṣe é nírìíra.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Philomena fi ẹsẹ̀ ti abọ́ ẹran náà sínú gọ́tà. "Ẹ bá mi rẹ gàrí," ó ní. Rekiat rẹ ẹ́ wá, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán, omijé ń kán sínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì àti Azubuike gba tẹ́ṣàn ọlọ́pàá lọ. Wọ́n mú Hameed ní Sátidé náà gan-an. Lọ́jọ́ Túsìdeé, mọ́tò Olóyè Ọdẹ́yẹmí gbé e padà wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́pàá ní àwọn dúrọ́ọ̀mù náà ti tán, ìwé wọn sì pé. Olóyè fi páànù bo òrùlé ìjọ Pásítọ̀ Dickson, ó fi síílíǹgì fáànù sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, wọ́n sì bá a dúpẹ́ níbi méjèèjì pé ọ̀tá kò yọ̀ ọ́. Dókítà Diepreye ní òun kò nílò Rekiat mọ́. Onílé fún Philomena àti ọkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan kí wọ́n kó jáde, torí wọ́n kó ọlọ́pàá wọ ilé ọmọlúàbí.

Hameed di máníjà. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, ó tẹ́ ẹní ìrun, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Wá dúró sẹ́yìn mi, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó yọ mí."

Àpótí aṣọ ni Rekiat gbé. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jáde. Yàrá kan ló gbà sí Olodi-Apapa, ó wá iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan níbẹ̀. Ó ṣì ń kírun, òun nìkan, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bó bá ti forí kanlẹ̀, kì í rí ọ̀rọ̀ sọ.

Lóṣù kẹsàn-án, Philomena bímọ obìnrin nínú ilé onípákó tí wọ́n kó lọ sí ní Marine Beach. Wọ́n sọ ọ́ ní Amaka. Nínú ọyẹ́, nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin, ibà kọ lù ú, Azubuike sì wá pe Rekiat. Rekiat mú oògùn ibà tuntun lọ́wọ́, ti iléeṣẹ́ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà: ó ń jó bí iná.

"Má mikàn," ó ní, bó ti máa ń wí láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ náà. "Ọlọ́run á wò ó sàn."

"Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ ná." Philomena gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó já ìdérí, ó dà á kún ṣíbí, ó sì nà án sí i. "Ẹ̀yin, ẹ kọ́kọ́ mu ún."

Rekiat mu ún. Philomena dà á kún un lẹ́ẹ̀kejì. Ó mu ún. Ó dà á kún un lẹ́ẹ̀kẹta, Rekiat tún mu ún.

Lẹ́yìn náà, Philomena jókòó dojú kọ ọ́, ọmọ lórí itan, ó ń wo ojú rẹ̀ láìṣẹ́jú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ó ní ó di ìrọ̀lẹ́, bí nǹkan kan kò bá ṣe Rekiat, kí òun tó fún ọmọ òun. Rekiat kò bá a jiyàn. Ọmọ náà ń sunkún, ara rẹ̀ sì túbọ̀ ń gbóná.