Ahọ́n Tí Kò Tíì Là

Olúdọ̀tun ti sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ìṣòro Ṣàgámù kì í ṣe ti iná mànàmáná, kì í sì í ṣe ti ọ̀nà. Ojú àwọn èèyàn ibẹ̀ ti là, ahọ́n wọn ni kò tíì là. Òun ní tirẹ̀ lo ọdún mẹ́fà ní Kánádà, níbi tó ti ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ nípa wáìnì lórí fóònù kó tó padà wálé. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún un ló gbé kọ́ sí pálọ̀, lókè fọ́tò ìgbéyàwó òun àti Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó pe èèyàn méjì sílé kí ahọ́n tiwọn náà lè là. Ọ̀kan ni Dókítà Adéwọlé, olùkọ́ yunifásítì. Èkejì ni Táíwò tó ní ilé epo ní Simawa. Ìgò wáìnì méjì láti ilẹ̀ Faransé ló gbé kalẹ̀. Àjàrà funfun kan tí wọ́n ń pè ní Ṣadonẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ó máa ń hó, kò sì dùn rárá.

Bó ṣe tú ìdérí èèpo igi tí wọ́n fi dí ìgò àkọ́kọ́, ó dún gbòlà, ìfófòó sì ya sórí rọ́ọ̀gì. Bánkẹ́ figbe ta.

"Ẹ má tíì mu ún o," ni Olúdọ̀tun wí, bíi pé kò gbọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ bá mu díẹ̀, ẹ yí i káàkiri ẹnu, kí ẹ tu ú sínú abọ́ yìí."

"Kí n tu ú kẹ̀?" ni Táíwò béèrè. "Ṣé àgbo ni?"

Olúdọ̀tun ti imú bọ ife tirẹ̀. Òórùn kan lù ú nímú bíi ti páálí tí òjò pa. Ó yára wo bébà tó kọ àwọn òórùn tó yẹ kí wáìnì náà ní sí: ápù tútù, òroǹbó wẹ́wẹ́, búrẹ́dì gbígbóná, ẹfun. Kò sí páálí níbẹ̀. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé imú òun ló ń purọ́.

"Mo ń gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná," ló wí.

Adéwọlé kì í gbà kí ẹnikẹ́ni mọ nǹkan ju òun lọ. Ó dijú. "Búrẹ́dì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ búrẹ́dì yẹn, mo ń gbóòórùn ilẹ̀ Faransé gan-an."

"Ẹ ti débẹ̀ rí ni, sà?" ni Bánkẹ́ béèrè.

"Mo ti kàwé nípa rẹ̀."

Táíwò mu díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rún. "Ó kan o. Ìyàwó wa, ẹ bá mi wá ṣúgà."

"Ṣúgà!" Olúdọ̀tun fọwọ́ lé orí. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn! Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá là ló ń mọ adùn rẹ̀."

Táíwò yára mu sí i. "Háà. Ó ti ń dùn bọ̀ wàyí."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Alhája Hàmdálátù fi kanlẹ̀kùn. Ìyá àádọ́rin ọdún ni, ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwọn, ó sì ti ń ta obì ní Sábó láti nǹkan bí ogójì ọdún. Jíìpù Táíwò ti dí ojú géètì rẹ̀, mọ́tò tó fẹ́ kó obì lọ sí òkè Ọya kò rọ́nà wọlé.

"Dọ̀tun, mọ́tò ta ni..." Imú rẹ̀ yún. "Kí ló bu nínú ilé yín?"

"Kò sí nǹkan tó bu, mà. Wáìnì là ń tọ́ wò. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá."

"Mi ò béèrè ibi tó ti wá. Mo ní ó bu." Ó nawọ́ sí ìdérí tó bọ́ sórí rọ́ọ̀gì. "Ọtí kì í ṣe tèmi, mi ò ní fẹnu kàn án láé. Ṣùgbọ́n bí ewé inú apẹ̀rẹ̀ obì bá ti rùn báyìí, mi kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀ ọ́ níwájú mi. Ẹ lọ wo ìdérí yẹn."

Adéwọlé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Alhája, ohun tí ẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀ yẹn là ń pè ní ìjìnlẹ̀."

"Ọmọ mi, bó o bá fẹ́ máa mu èébu, ta ló máa dí ọ lọ́wọ́?"

Bánkẹ́ he ìdérí náà nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Páálí tí òjò pa ni. Olúdọ̀tun wá rántí ojú ìwé kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó dá lórí bí ìdérí tó bu ṣe ń ba wáìnì jẹ́. Oorun ń kùn ún lọ́jọ́ náà, ó sì fò ó. Etí rẹ̀ gbóná. Ohun tó dùn ún jù ni pé imú rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún un, bébà ló gbà gbọ́.

Ó ṣí ìgò kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Èyí dára," ni Alhája wí láti ẹnu ọ̀nà. "Òroǹbó wẹ́wẹ́, àti búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ bá mi gbé mọ́tò yín kúrò." Ó sì bá tirẹ̀ lọ, Táíwò tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Olúdọ̀tun ká bébà rẹ̀ sápò, ó sì mu wáìnì náà. Ó kọ́kọ́ kan, ó ta á lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìkorò díẹ̀ bíi ti obì wá tẹ̀ lé e ní ọ̀fun, ẹnu rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ó gbàgbé láti tu ú.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Adéwọlé wí. "Bí mo ṣe sọ ọ́ látẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ilẹ̀ Faransé."

Bánkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu rọ́ọ̀gì.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Olúdọ̀tun lọ bá Alhája ní Sábó, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn. Alhája ò ṣe àlàyé kankan fún un. Ó fi í jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ń ṣa obì, ó sì ti apẹ̀rẹ̀ kan síwájú rẹ̀. Títí di ọ̀sán ló ń gbé obì símú. Ó mú ọ̀kan, ó ní ó dára. Obìnrin tó jókòó tì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó là á, kòkòrò sì rọra yọ orí jáde. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olúdọ̀tun náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú òmíràn.