Eegun Inú Aṣọ Fàrúkù

Àwọ̀n tó há ni Mísbáù ń tú nísàlẹ̀ òkun nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ba eegun. Àyà rẹ̀ já. Ojú kì í ríran nísàlẹ̀ omi Jamestown nílẹ̀ Gáà, ọwọ́ ló ń ríran níbẹ̀, ọwọ́ sì sọ fún un pé eegun ìhà ni. Ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, èémí ti ń tán lọ nínú rẹ̀, ó ń sọ lọ́kàn pé, Fàrúkù, bá mi ká lọ sílé. Ìgbà tó gbé e yọ sójú omi ló tó rí i pé ó gùn tó ọmọdékùnrin lóòró. Eegun àbùùbùtán ni, ẹran òkun tí à ń bù, tí à ń bù, tí kì í tán. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọ̀n apẹja bá há mọ́ àpáta, Mísbáù ni wọ́n ń pè kó mòòkùn lọ tú u. Alátà tó mọ omi ju Gáà lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gáà onílẹ̀, tó ń pe Yorùbá ní Alátà, ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé pẹ̀lú Fàrúkù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí òkun dá òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà tí kò dá tirẹ̀ padà, kì í ṣe àwọ̀n nìkan ló ń wá nísàlẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún? Ṣé Làtífátù ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tó ń bu oúnjẹ Fàrúkù sílẹ̀ lálaalẹ́, tó lé àlùfáà jáde nítorí ó ní kí àwọn kírun òkú fún ọmọ náà bí wọn ò tilẹ̀ rí òkú rẹ̀? Ó ní ọkọ̀ òkun kan ló gbé e, ó lè ti wà ní èbúté Àbíjáà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí àwọn kú ọ̀fọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Kí oòrùn tó mú, ó ti gbé eegun náà wọlé, ó fi aṣọ ìbora Fàrúkù wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Òun alára kò lè sọ. Ó kàn fẹ́ kí ohun kan tó ti inú omi burúkú yẹn jáde sùn nílé òun.

Làtífátù gbálẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Okaishie. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Níì Kwátéì, olórí àwọn apẹja, fi dé ẹnu ọ̀nà. Afua tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ti rí ẹrù náà, ẹnu Afua kì í sì í gba ọ̀rọ̀ dúró.

"Alátà," Níì sọ ọ́ ní èdè Gáà tó yọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́nu, "wọ́n ní o gbé àlejò wá láti inú òkun."

"Eegun lásán ni, Níì."

"Kì í ṣe lásán lọ́dọ̀ wa. Ìjọba ò ní gbà kó o tọ́jú ẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ ká pa ti ìjọba tì. Bí ẹran yìí bá kú, sísin là ń sin ín, bí ìgbà tí èèyàn ń sin ọba. Ẹnì kan kì í dá a ní."

"Èmi ni mo mòòkùn. Èmi ni mo rí i."

Níì jókòó sórí àpótí. "Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní etíkun tiwa níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni ọlọ́fọ̀ rẹ̀. Ìwọ la máa kí."

Mísbáù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò bí ewúro. Òkun gbé ọmọ òun lọ, ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹran òkun wá kú, wọ́n fẹ́ wá kí òun kú àmúmọ́ra.

"Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Ó lọ dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì. "Mi ò rí nǹkan kan sin, Níì."

Bàbá náà wo etí aṣọ ọmọdé tó yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbé e, ká máa lọ."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n gbẹ́ kòtò náà sínú iyanrìn. Àwọn apẹja so aṣọ dúdú mọ́ apá, wọ́n sì ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Dúè," wọ́n ń sọ. "Dúè, Alátà." Ìkíni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni. Ojú kọ́kọ́ ń tì í. Nígbà tó yá, ó rí i pé òun ń dá wọn lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni èrò là sí méjì. Làtífátù ló ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé etí kòtò, ó rí aṣọ náà. Mísbáù sáré lọ bá a.

"Ìyá Fàrúkù, jọ̀ọ́. Eegun ẹran ni. Kì í ṣe òun."

"Mo mọ̀. Mo gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó lọ sọ́jà."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ẹnikẹ́ni ò dá a dúró. Ó wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ó tún wo eegun.

"Ta ló tẹ́ ẹ báyìí? Ẹ kẹ̀yìn rẹ̀ sí Kíbúlà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i padà, jẹ́jẹ́, títí ibi tí eegun náà tẹ̀ sínú fi kọjú sí ìlà-oòrùn. Ó tú ìdì aṣọ níbi tí orí ìbá wà, bí wọ́n ti ń tú u fún òkú. Lẹ́yìn náà ló bu iyanrìn lé e. Kò sunkún. Mísbáù ló sunkún.

Nígbà tí wọ́n kírun Màgàríbì tán, Làtífátù gbé kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn Gáà, àti ẹja kalẹ̀. Abọ́ méjì ni. Mísbáù dúró de ẹ̀kẹta. Làtífátù ti fọ ọwọ́, ó ti ń jẹun, kò gbé ojú sókè.

Àṣé Mísbáù náà ti ń gbára lé abọ́ Fàrúkù yẹn. Gbogbo ìgbà tó ń mòòkùn lọ wá eegun ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má rí i. Ó na ọwọ́ sí oúnjẹ, ó sì fà á padà, ó ń wo àyè tó ṣófo lórí ẹní.