Ẹ̀rọ Alájẹkì

Ẹ̀rọ tó ń wá òjé inú ẹ̀jẹ̀ ní yàrá ìwádìí tí Olaya ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Oviedo mọ iṣẹ́ dáadáa, àmọ́ alájẹkì ni. Fèrè gíláàsì kan ló ń fín omi bí ìkùukùu sínú iná rẹ̀, iná tó gbóná ju ojú oòrùn lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bá mu, ojú àgbàrá ló ń dà á sí. Mílílítà mẹ́ta ló máa ń mu kó tó fọhùn. Ẹ̀jẹ̀ Nel, ọmọ-ọmọ Olaya, kò pé ọ̀kan, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti fi omi là á.

Ọmọ oṣù méje ni Nel, ojú rẹ̀ ti funfun, kì í jẹun. Dókítà ní òjé inú páìpù àtijọ́ lè ti wọ inú omi tí wọ́n fi ń po wàrà rẹ̀, òun kò sì ní gún un lábẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé tí Nel àti Xana ìyá rẹ̀ ń gbé, Olaya ló fún wọn. Ilé ìyá Olaya fúnra rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń wọn òjé fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sì rántí wọn omi ilé ara rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

"Obìnrin yìí, jẹun," ni Selmo, ọ̀gá rẹ̀, wí ní ilé ọtí ápù lọ́sàn-án. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

"Ikùn tìẹ náà ò ráyè ọ̀rọ̀ kankan láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́."

Agbọ́tí gbé ìgò ga ju orí lọ, ó da ẹnu kan péré sínú kọ́ọ̀bù tó mú nísàlẹ̀. Olaya gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ìyókù ṣan etí kọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹni tó kàn, bí gbogbo wọn ti ń ṣe. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò na kọ́ọ̀bù náà sí Selmo.

"Ta ló ní kí ẹ̀rọ yẹn máa gbé odindi ìgò sẹ́nu?"

"Kí lo wí?"

"Kí omi lásán máa ṣàn nínú fèrè. Ká ju ẹ̀jẹ̀ ẹnu kan sáàárín rẹ̀, kí omi tún ṣan ẹ̀yìn rẹ̀ nù. Ẹnu kan, ẹnu kan!"

"Ọtí ti pa á!" ni Selmo kígbe, àmọ́ ó ti ń wá fìlà rẹ̀.

Ní yàrá ìwádìí, wọ́n so fáàfù kékeré kan, tó ń ṣí tó ń tì, mọ́ páìpù tó ń gbé omi lọ sí fèrè. Ẹ̀jẹ̀ Olaya ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, nọ́ńbà sì ń jó síwá sẹ́yìn.

"Páìpù yìí gùn jù," ni Olaya wí, "ẹ̀jẹ̀ ń fọ́n ká lójú ọ̀nà." Ó gé e kúrú, nọ́ńbà sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ó wá kan ti Nel. Ẹnu kìíní: òjé kò tó nǹkan. Ẹnu kejì, bákan náà. Ẹnu kẹta, bákan náà. Ẹ̀jẹ̀ ṣì kù, wọ́n bá fi wá irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin ló kéré, ìyẹn sì ní oògùn.

Olaya pe Xana ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, a ti kó ẹrù kúrò nílé náà sínú mọ́tò o."

"Ẹ kó o wọlé padà! Kì í ṣe òjé. Irin ló nílò."

"Ṣé a lè máa gbé ilé Màmá Àgbà lọ nìyẹn?"

Olaya fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Selmo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.